Àtàǹpàkò tí Abẹ́rẹ́ Adìyẹ Gún

Ohun tó kọ́kọ́ ba Fáwùmí lẹ́rù ni pé Dókítà dárúkọ nǹkan náà. Ó dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, lọ́sàn-án gangan, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991, nígbà tí oòrùn ń jó orí páànù, tí ewé ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé adìyẹ sì ti sorí kọ́.

"Oògùn Ṣọ̀pọ̀nná adìyẹ la fẹ́ lò lónìí," Dókítà Adéwùnmí wí, ó ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíákíá, kí ooru má baà bà á jẹ́."

Fáwùmí wo òkè. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo ojú àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá ẹnì kan yóò tilẹ̀ wúkọ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Mùtàlíbù tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń họ imú. Ó wá dà bí ẹni pé òun nìkan ló ní etí níbẹ̀.

Ọmọ Fìdítì ni Fáwùmí, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìwé mẹ́rin ló kà tí bàbá rẹ̀ fi mú un lọ sóko. Oko adìyẹ ńlá tó wà láàárín Fìdítì àti Ìlọrà ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé adìyẹ àkọ́kọ́ síbẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń mú adìyẹ bí ọjọ́ àjẹsára bá pé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ ló wà níbẹ̀, ilé gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gígùn. Bí gbogbo wọn bá ké pọ̀, ẹni tó wà lójú títì á rò pé òjò ló ń bọ̀.

Kì í ṣe pé àjẹsára ṣàjèjì sí i. Ó mọ èyí tí wọ́n ń kán sójú òròmọdìyẹ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nínú páálí. Ó mọ èyí tí wọ́n ń gún sí itan. Èyí tó fẹ́ràn jù ni tinú omi. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé omi kúrò níwájú àwọn adìyẹ láàárọ̀, títí òùngbẹ yóò fi máa gbẹ wọ́n. Wọ́n á po mílíìkì mọ́ omi kànga kí agbára oògùn má baà kú, wọ́n á da oògùn sí i, wọ́n á gbé e wọlé, adìyẹ fúnra rẹ̀ á sì sáré wá mu ún. Ọwọ́ ènìyàn kò kan ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń mu ún báyìí, Fáwùmí a dúró sẹ́nu ọ̀nà, a máa wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀.

Tọjọ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni Dókítà mú jáde, eléyín méjì, ó rí bí ẹnu ejò. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìgò oògùn, wọ́n á na apá adìyẹ, wọ́n á wá ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ lábẹ́ apá náà, níbi tí kò sí ìyẹ́, tí kò sí iṣan, wọ́n á sì gún un já sódìkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Kò sí ìṣepọ̀ níbẹ̀.

"Dókítà," Fáwùmí wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ló wà nínú ìgò yẹn gan-an?"

"Àìsàn náà ni, Bàbá. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni. Bí ara adìyẹ bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀lẹ jà, tí alágbára bá wá dé, kò ní rí ibi dúró."

"Àìsàn náà fúnra rẹ̀?"

"Òun náà ni."

Sìrájù, awakọ̀ tó gbé kúlà oògùn wá láti Ìbàdàn, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má fojú ẹni tó fẹ́ sá lọ wo ìgò o. Èmi tí mo gbé e ti ara mi láti Mọ́kọ́lá dé ibí, ṣé mo ti kú?"

"Ìwọ ò fọwọ́ kàn án," Fáwùmí wí.

"Mo jókòó tì í bí ìyàwó tuntun!"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Fáwùmí náà fi eyín hàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ẹ̀wù alápá gígùn ló máa ń wọ̀, ooru ìbáà mú bí iná. Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọn ò mọ ìdí rẹ̀.

Gbogbo ojúgbà rẹ̀ ní Fìdítì ló ní àpá róbótó lápá òsì, àpá bupá, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí Olóde múni. Ọdún tí ìjọba rán àwọn abupá wá, tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tó rí bí ìbọn dání, gbogbo ìlú ló tò síwájú ilé ìwé, ọmọdé, àgbà, aláboyún. Fáwùmí kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ó ti gbéyàwó. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ bí ìbọn náà ṣe dún tàì lápá ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ilé ló gbà, ó di inú igbó, kò sì jáde títí mọ́tò wọn fi kúrò ní ìlú. Ọ̀ṣunníyì ìyàwó rẹ̀ nìkan ló tò. Òun ló sọ fún àwọn abupá pé ọkọ òun wà ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀.

Kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́ gan-an ló lé Fáwùmí wọ igbó. Fátọ́kẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Fáwùmí ṣì kéré nígbà tí ara Fátọ́kẹ́ gbóná, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí nǹkan ti kún ojú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré bàbá wọn lọ́nà Ìmínì kí ó má baà ran ará ilé. Ọjọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, Fáwùmí ń retí kí ìyá òun figbe ta. Ìyá rẹ̀ kò figbe ta. Ó kúnlẹ̀ sójúde, ó fọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́. A dúpẹ́, Baba." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í sunkún ẹni tí Olóde bá mú lọ. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, kí ó má baà bínú padà wá mú òmíràn. Fáwùmí kò gbàgbé bí ètè ìyá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lórí ọpẹ́ yẹn. Kò dárúkọ nǹkan náà rí láyé rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé kẹta, ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ pupa tí wọn ò tíì máa yé. Mùtàlíbù ń mú wọn, Fáwùmí ń na apá wọn, Dókítà ń gún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Dókítà na abẹ́rẹ́ kejì sí i.

"Bàbá, ọwọ́ yín ló yá jù níbí. Ẹ bá mi gún lára wọn."

Báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀? Ó gbà á. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ oògùn, ó ń gún, ó ń ṣọ́ eyín méjèèjì náà bí ẹni ń ṣọ́ ajá tí kò mọ̀ rí. Ó gún púpọ̀, nǹkan kan ò ṣe. Ó tilẹ̀ ti ń rò ó pé bóyá iṣẹ́ bíi iṣẹ́ yòókù náà ni.

Adìyẹ kan ló já. Ó ja apá gbà lọ́wọ́ Fáwùmí, ó sì fi gbá a lójú pàà. Abẹ́rẹ́ yẹ̀. Nígbà tí Fáwùmí máa lajú, àtàǹpàkò òsì ara rẹ̀ ló rí: ihò kékeré méjì, ẹ̀jẹ̀ kékeré méjì, wọ́n dúró ti ara wọn.

Àkókò yẹn gan-an ni Dókítà ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló ń bá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete. Ó ní kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa nípa ohun tí wọn yóò rí lábẹ́ apá àwọn adìyẹ yìí bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá. Mùtàlíbù gbọ́. Sìrájù tó ń tayín lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Fáwùmí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ méjì yẹn ló ń wò.

"Bàbá, ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, mà," Fáwùmí wí. Ó ti ká àtàǹpàkò náà mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́, ó di í gírígírí.

Kó tó kúrò lóko, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó bu kẹrosíìnì sí i. Nígbà tó délé, ó fi epo pupa pa á, ó fi àkísà wé e. Bùkúnmi ọmọ Rẹ̀mí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, sáré jáde bí ìṣe rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí bàbá àgbà gbé òun.

"Dúró síbẹ̀!"

Ọmọ náà dúró. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀ṣunníyì yọjú láti ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá Rẹ̀mí, kí lọmọ ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ìdọ̀tí adìyẹ ló wà lára mi."

"Ṣé òní ni ìdọ̀tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lára yín?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ká ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá, ó tẹ́ ẹ sí ìpẹ̀kun ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní ooru ni. Ọjọ́ kejì, Ọ̀ṣunníyì gún iyán, ó gbé ọbẹ̀ tó ń ru èéfín kalẹ̀, Fáwùmí ní òun ò jẹ gbígbóná. Ẹ̀kọ tútù ni òun fẹ́, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lókèèrè.

"Ṣé ààwẹ̀ lẹ ń gbà ni?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ wo nìyẹn tí ènìyàn ń jẹ ẹ̀kọ sí? Èmi tí mo ti ń lọ sílé àdúrà látọjọ́ yìí, wọn ò tíì kọ́ wa ní irú ẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ọkọ rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé agbada kaná láti yan ẹ̀pà. Fáwùmí sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Má yan nǹkan nínú ilé yìí. Jọ̀ọ́. Kí ilẹ̀ tutù."

Ọ̀ṣunníyì dá ọwọ́ dúró. Ilé tí wọ́n ti bí òun náà, wọn kì í yan nǹkan bí Olóde bá wọ̀lú, wọn kì í súfèé, ọmọdé kì í sáré lọ́sàn-án gangan. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ agbada kalẹ̀, ó bu omi pa iná.

Àtàǹpàkò ń wú. Ó gbóná, ó ń sọ kì, kì, kì, bí ẹni pé ọkàn kékeré mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni Fáwùmí ń gbé dígí sójú kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó ń wo iwájú orí, ó ń wo ìdí etí, ó ń ya ètè wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò tíì sí. Ó ń lọ sí ibi iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan da oúnjẹ sínú ọpọ́n adìyẹ, ó sì ń jìnnà sí ènìyàn. Lọ́jọ́ kan ó rọra sún mọ́ Sìrájù níbi tó ti ń fọ mọ́tò, kò sún mọ́ ọn jù.

"Sìrájù. Nǹkan àtijọ́ yẹn... tó ń mú ènìyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé ó lè padà wá?"

"Èwo nínú nǹkan àtijọ́?"

"Olóde."

"Ah-ah! Rédíò ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ó ti tán pátápátá lágbàáyé."

"Ta ló sọ fún rédíò? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló lọ dágbére fún wọn?"

Sìrájù rẹ́rìn-ín títí kànìnkànìn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé àpárá ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, Fáwùmí wọ ilé kẹta kí àwọn yòókù tó dé. Kì í ṣe pé wọ́n rán an. Nǹkan kan ló ń fà á. Ó mú adìyẹ kan, ó na apá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Ó ti yọ. Lábẹ́ apá náà, níbi tí abẹ́rẹ́ gún, kókó méjì wú, wọ́n dúró ti ara wọn, èépá dúdú ti fẹ́ bò wọ́n. Ó ju adìyẹ náà sílẹ̀. Ó mú òmíràn, ó ti yọ. Ó sáré lọ sí ìpẹ̀kun ilé, ó mú òmíràn lábẹ́ ògiri, ó ti yọ. Ó wò yí ilé gígùn náà ká, gbogbo orí pupa wọ̀nyí, gbogbo ojú róbótó wọ̀nyí tí wọ́n ń wò ó, kò sì sí èyí tí kò gbé e sábẹ́ apá. Ó tú àkísà. Lórí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti wú bí ọmọ iṣu, kókó méjì, wọ́n dúró ti ara wọn, orí wọn ti funfun.

Kò rántí adìyẹ mọ́. Bùkúnmi ló rántí. Lẹ́yìn náà ló rí Ọ̀ṣunníyì lójú ọkàn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sójúde, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ọpẹ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀yìn oko jáde. Ó yà sílé nígbà tó mọ̀ pé Ọ̀ṣunníyì ti lọ sọ́jà, ó mú ẹní, ó mú kèrègbè omi kan, ó di ẹ̀kọ díẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí Ìmínì pọ̀n.

Ahéré bàbá rẹ̀ ṣì wà. Ìdajì òrùlé ti wó, ṣùgbọ́n igun tí wọ́n tẹ́ Fátọ́kẹ́ sí ṣì ní ibòji. Ó mọ igun náà. Ìgbà kan ṣoṣo ló yọjú síbẹ̀ lọ́mọdé, tí wọ́n lé e padà. Ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó jókòó. Ara rẹ̀ gbóná, lẹ́yìn náà òtútù mú un, lẹ́yìn náà ó tún gbóná. Ilẹ̀ dákẹ́. Ẹyẹ kan kò ké. Ó ń fetí sílẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń fetí sí.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì ilẹ̀ oko tí wọ́n ti dáná sun, ó ń yí, ó ń gbé eruku àti eérú sókè bí òpó, ó ń bọ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó gbá ògiri ahéré. Koríko òrùlé já, ó fò. Fáwùmí dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ká apá bo orí.

"A dúpẹ́," ó wí sínú ẹní. "A dúpẹ́, Baba. A dúpẹ́. Èmi nìkan. Jọ̀ọ́, kó jẹ́ èmi nìkan."

Afẹ́fẹ́ náà kọjá. Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Ó ṣì dojú bolẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ìró mọ́tò, tó ń kùn lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Ó gbórí sókè. Mọ́tò oko adìyẹ ni. Sìrájù wà nídìí rẹ̀, Dókítà Adéwùnmí jókòó tì í, Ọ̀ṣunníyì sì wà lẹ́yìn, ó di irin mú, eruku ti sọ gèlè rẹ̀ di pupa.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Fáwùmí kígbe. "Ẹ má sọ̀ kalẹ̀! Ẹ má sún mọ́ mi!"

Sìrájù pa mọ́tò. "Bàbá Rẹ̀mí! Ṣé ẹ ti di ẹran igbó ni?"

"Sìrájù, tí o bá fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ, yí mọ́tò yẹn padà!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Sìrájù. Dókítà ló sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò. "Bàbá, a ti wá yín títí. Ìyá ló ní bóyá ibí lẹ wà. Kí ló dé?"

"Ó ti yọ, Dókítà. Ó yọ sí gbogbo wọn lábẹ́ apá. Ó yọ sí èmi náà. Abẹ́rẹ́ yẹn gún mi."

Dókítà kò fò sẹ́yìn. "Mo ti wò wọ́n láàárọ̀ yìí. Ohun tí a ń wá nìyẹn! Tí kò bá yọ, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ̀rù bà wá, a jẹ́ pé oògùn ti kú kó tó dé ara wọn. Kókó yẹn ló fi hàn pé ó mú. Á gbẹ, á já bọ́, ó tán. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"N kò gbọ́."

"Ẹ ní ó yé yín."

"Ọwọ́ mi ni mò ń wò."

"Bàbá, tadìyẹ kì í mú ènìyàn. Ti ènìyàn sì ti tán nílé ayé."

"Ọmọdé ni yín, Dókítà. Ẹ ò rí i rí."

"Lóòótọ́ ni," ó wí. "N kò rí i rí."

Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù Fáwùmí tún pọ̀ sí i. Ó sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Nígbà náà ni Ọ̀ṣunníyì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì ń bọ̀.

"Ìyá Rẹ̀mí, dúró!"

Kò dúró.

"Mo ní kí o dúró! Bùkúnmi ńkọ́? Ta ló máa tọ́jú Bùkúnmi?"

Ó wọlé, ó jókòó tì í lórí ẹní, níbi tí wọ́n tẹ́ Fátọ́kẹ́ sí. Ó fa ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè dé èjìká, ó mú ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀, èyí tó wú náà gan-an, ó sì gbé e lé àpá róbótó ara rẹ̀. Fáwùmí fẹ́ gbà á padà. Obìnrin náà di í mú.

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ wà nínú igbó, èyí wú. Ó wú, ó gbóná, ó fi orí funfun, ó wá ṣú èépá. Mo rò pé mo máa kú ni. Mò ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un yín tí ẹ bá dé. Ẹ wá dé, ebi ń pa yín, ẹ ní kí n gún iyán. Apá yìí ni mo fi gún un."

Fáwùmí wo àpá náà. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n, bí ó ṣe mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án rí.

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí. Ẹ ò tilẹ̀ wo ọ̀hún."

Fáwùmí kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà mọ́. Dókítà rọra wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ àtàǹpàkò náà wò, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá, kí lẹ ti fi sí i?"

"Kẹrosíìnì. Epo pupa. Eérú díẹ̀."

"Ó ku ata àti iyọ̀," Sìrájù wí látojú ọ̀nà.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Èyí kì í ṣe tadìyẹ. Ọyún ló wà níbẹ̀. Ìdọ̀tí ló wọ ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ẹ wá fi àkísà dé e mọ́bẹ̀. Ẹ wo ìlà pupa yìí, ó ti ń gun ọrùn ọwọ́ bọ̀. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù. Tí a bá jẹ́ kó di ọ̀la, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló lè mú lọ. Abẹ́rẹ́ lẹ máa gbà, nísinsìnyí."

"Abẹ́rẹ́," Fáwùmí wí.

"Abẹ́rẹ́."

Ó wo igbó tó wà lẹ́yìn ahéré. Kò jìnnà. Ó mọ gbogbo ọ̀nà inú rẹ̀. Ọ̀ṣunníyì rí ibi tó ń wò, ó sì dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Wọ́n ní kó jókòó síwájú mọ́tò, ó kọ̀. Ẹ̀yìn ló wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ títí wọ́n fi dé Fìdítì, ó sì na ọwọ́ òsì sóde nínú afẹ́fẹ́, ó gbé e jìnnà sí i, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó bá wọn gbé.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tó ń bá ẹnì kan jà lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbàgbé ìjà. Ó ní méjì ni Fáwùmí máa gbà, ọ̀kan sí ìdí, ọ̀kan sí apá.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn, Bàbá."

Fáwùmí dúró. Ọ̀ṣunníyì ló bá a tú bọ́tìnnì. Apá òsì rẹ̀ yọ jáde, ó mọ́ tónítóní, ó rí bí apá ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù nù ún, ó tún un nù, ó sì fojú wá nǹkan lórí rẹ̀.

"Ah-ah. Bàbá, àgbà bíi tiyín, ẹ ò ní àpá bupá? Níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń bu gbogbo ayé lápá?"

Fáwùmí la ẹnu.

"Ó wà ní Ìbàdàn," Ọ̀ṣunníyì wí. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó tẹ̀ ẹ́, omi kán lórí rẹ̀. Ara Fáwùmí le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni Ọ̀ṣunníyì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó na apá náà gbọọrọ síwájú nọ́ọ̀sì, bí Fáwùmí fúnra rẹ̀ ṣe máa ń na apá adìyẹ, kò le jù, kò dẹ̀ jù.

"Ẹ má jà," ó wí sí i létí.

Fáwùmí di ojú. Ó ń gbọ́ òórùn oògùn, ó ń gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ tòsí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú apá nínà, ó ń retí kó dún tàì.